Owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ọjà ọnláìnì: kí ló dé tí bílì kejì fi ń tẹ̀lé ẹrù wá sílé?

Ariwo ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ láàárín àwa tá à ń gbé lókè òkun. Èèyàn á ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó ẹ̀ tán, á tún san owó ìfiránṣẹ́ lé e, á wá jókòó sílé máa retí ẹ̀, àfi kó rí káàdì kékeré kan nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ẹrù ẹ ti dé o, àmọ́ owó wà nílẹ̀ tó o gbọ́dọ̀ san ká tó gbé e fún ẹ. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ síni lọ́kàn ni pé gbájú-ẹ̀ ni wọ́n. Nígbà míì gbájú-ẹ̀ ni wọ́n lóòótọ́, a máa débẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà òfin ni, òfin ọ̀hún sì ń le sí i ni, torí Amẹ́ríkà ti yí tiẹ̀ padà, Yúróòpù ń yí tiẹ̀, Britain náà sì ti kéde pé tòun ń bọ̀.

Kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Lójú òfin, ẹni tó ra ọjà láti ìlú míì tí ọjà náà sì wá bá a nílé, òun gan-an ló kó ọjà wọ̀lú. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín yín àti oníṣòwò tó kó kọ̀ǹténà gba èbúté Felixstowe wọlé, ẹrù tiyín kàn kéré ni. Ẹni tó tà á fún yín ò sí nílùú yìí, ilé iṣẹ́ tó gbé e wá, agbérù lásán ni, ẹ̀yin tí orúkọ yín wà lára páálí ni ìjọba mọ̀. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo wàhálà tó kù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Britain torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2021 ni wọ́n ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì, £135 sì ni ààlà. Tí ọjà tẹ́ ẹ rà pa pọ̀ ò bá ju £135 lọ, láìka owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn, kò sí owó bodè lórí ẹ̀, VAT (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà) nìkan ló wà, ìyẹn 20%, ẹni tó tà á ló sì yẹ kó gba VAT yẹn lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sanwó. Ìdí nìyẹn tí nǹkan tẹ́ ẹ rà lórí Amazon tàbí Temu tàbí AliExpress fi sábà máa ń wọlé wẹ́rẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè kọ́bọ̀, wọ́n ti gba VAT mọ́ owó ọjà látòkè, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Kó tó di 2021 ọjà tí kò ju £15 lọ kì í san VAT rárá, wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́. Ọtí, sìgá àti lọ́fínńdà ò sí nínú ètò £135 yìí o, àwọn yẹn ní tiwọn lọ́tọ̀.

Tí ọjà bá wá ju £135 lọ, owó bodè dé, VAT náà dé, kì í sì í ṣe ẹni tó tà á ló máa gbà á, ẹnu bodè ni wọ́n ti máa ṣírò ẹ̀. Ìṣirò yẹn gan-an ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká fi jákẹ́ẹ̀tì kan ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n tà á ní £200 lórí wẹ́bsáìtì kan ní Amẹ́ríkà, £40 lowó ìfiránṣẹ́. Owó bodè lórí aṣọ sábà máa ń jẹ́ 12%. Orí £200 kọ́ ni wọ́n ti máa ṣírò ẹ̀ o, orí £240 ni, torí owó tí wọ́n fi gbé e wá wà nínú ìṣirò, ìyẹn jẹ́ £28.80. Ṣé ó tán? Kò tán. VAT ń bọ̀ lẹ́yìn, orí £240 pẹ̀lú £28.80 yẹn ni VAT á sì jókòó lé, ìyẹn ni pé ẹ̀ ń san owó orí lórí owó orí, £53.76. Tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, £82.56 ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó gbé e wá á tún gba tiẹ̀, torí òun ló bá yín san owó fún ìjọba tó sì bá yín ṣe ìwé. Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ Britain, ti ń gba £8 fún iṣẹ́ yẹn tipẹ́, àwọn kọ́ríà bíi DHL, FedEx àti UPS ní iye tiwọn, ó sì sábà máa ń ju ti Royal Mail lọ. Jákẹ́ẹ̀tì £240 ti di £330 ó lé.

Lójú tèmi, owó iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń dun àwọn èèyàn ju owó ìjọba lọ, mi ò sì bá wọn wí. Owó ìjọba máa ń bá iye ọjà rìn, tí ọjà bá kéré owó á kéré, àmọ́ ti agbérù ní iye tí kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá. VAT lè má ju £9 lọ kí wọ́n tún gba £8 lé e lórí pé wọ́n bá yín gba £9. Ẹ ò sì lè ní ẹ ò fẹ́, torí láìsan án wọn ò ní gbé ẹrù sílẹ̀, ó máa ń wà lọ́wọ́ wọn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́.

Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò fún owó bodè, ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán ní Ṣáínà, kó gba Amẹ́ríkà wá, kó gba Faransé wá, ti Ṣáínà ni. Èyí ló ń mú kí inú máa bí àwọn tó ń rajà láti Yúróòpù, wọ́n á ní ṣebí Britain àti EU ti jọ fọwọ́ síwèé pé kò sí owó bodè láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọjà tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ni ìwé yẹn ń sọ, kì í ṣe ọjà Ṣáínà tó sùn sí ibi ìkẹ́rùsí kan ní Jámánì. Iye owó bodè náà ò dọ́gba. Láńtọ́ọ̀pù àti fóònù kì í san owó bodè, VAT nìkan ni. Ìwé kíkà kì í san ọ̀kankan nínú méjèèjì. Aṣọ ọmọdé ò ní VAT, àmọ́ tó bá ti kọjá £135 owó bodè ń bẹ níbẹ̀, nítorí náà ìyá tó ra aṣọ ọmọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí kó lè rí ẹ̀dínwó owó ìfiránṣẹ́, ó lè fọwọ́ ara ẹ̀ gun orí £135 láìmọ̀.

Wàyí o, ọgbọ́n àárín wa. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ká ní kí ẹni tó ń tajà kọ "gift" sí ara páálí, tàbí ká ní kó kọ pé $10 ni nǹkan tá a rà ní $180. Ẹ̀bùn ní òfin tiẹ̀ lóòótọ́: tí kò bá ju £39 lọ kò san VAT, tó bá wà láàárín £39 sí £135 á san VAT àmọ́ kò ní san owó bodè. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kan, tìtorí ọjọ́ ìbí tàbí àjọ̀dún tàbí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, kí àǹtí yín ní Ìbàdàn ra nǹkan kó fi ránṣẹ́ sí yín ni. Ọjà tẹ́ ẹ fúnra yín rà, tí ẹni tó tà á ló di í, kò sí bí wọ́n ṣe máa kọ "gift" sí i tó máa di ẹ̀bùn. Tí wọ́n bá ṣí i tí wọ́n rí orúkọ ilé ìtajà àti iye owó lára ẹ̀, wọ́n lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé e pátápátá, torí ìwé tó wà lára ẹ̀ ò bá ohun tó wà nínú ẹ̀ mu. Ti iye owó tí wọ́n gé kúrú tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká ní ẹrù yẹn sọnù lọ́nà, tẹ́ ẹ sì ní kí ilé iṣẹ́ tó gbé e san owó yín padà, ìwé tí fẹ́ndọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ pé $10 ni wọ́n máa gbé jáde síwájú yín. Kí lẹ fẹ́ sọ?

Èyí mú mi dé orí àwọn fẹ́ndọ̀ wa nílé, torí ọ̀dọ̀ wọn ni wàhálà pọ̀ sí jù. Iléeṣẹ́ ńláńlá ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT ní Britain, wọ́n ní àwọn tó ń bá wọn ṣe é. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn tàbí tó ń ta àdìrẹ láti Abẹ́òkúta lórí Instagram tẹ́ ẹ sì ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan níbí, nítorí náà bí ọjà ò bá tiẹ̀ tó £135, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí bílì VAT bá dé, kò sẹ́ni tó gbà á látòkè. Lójú òfin, fẹ́ndọ̀ ló yẹ kó ti gbà á. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé fẹ́ndọ̀ á ní "dẹlifárì ti wà nínú ẹ̀", oníbàárà á gbọ́ ọ pé gbogbo owó ti wà nínú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni fẹ́ndọ̀ ń sọ. Kẹ́ ẹ tó fi owó ṣọwọ́, ẹ bi í tààrà: ta ló máa san owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí ẹrù bá dé London? Àwọn kọ́ríà ńlá ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní DDP, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló máa san owó bodè àti VAT látọ̀dọ̀ tiẹ̀, ẹ̀yin á kàn na ọwọ́ gba ẹrù ni. Tí fẹ́ndọ̀ bá ní òun lè ṣe DDP, ẹ jẹ́ kó fi iye ẹ̀ sínú owó tẹ́ ẹ máa san, ó tẹ́ èèyàn lọ́rùn ju ká máa wojú ara wa lẹ́yìn tí ẹrù ti há sí pápákọ̀ òfuurufú lọ.

Ẹ tún wo ohun tó ń kọ sí ara fọ́ọ̀mù, CN22 tàbí CN23 tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ páálí. "Clothes" lásán ò tó. Kó kọ ọ́ pé aṣọ òkè, ìpele àti fìlà, mélòó ni wọ́n, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibo ni wọ́n ti hun ún, kó sì fi rìsíìtì sínú. Oníkọ́sítọ́ọ̀mù tí ò bá lóye ohun tó wà nínú páálí á gbé e sápá kan títí wọ́n á fi kọ̀wé sí yín pé ẹ mú ẹ̀rí iye tẹ́ ẹ rà á wá, ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n ń sọ pé kọ́sítọ́ọ̀mù "dì mú" kò dẹ́ṣẹ̀ kankan ju pé ìwé ara ẹ̀ ò ṣàlàyé lọ.

Ti kágò tún yàtọ̀. Àwọn tó ń gba owó lórí kílò kan láti Èkó wá sí London, tí wọ́n á ní "clearing inclusive", ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ ẹrù yín àti ẹrù ogún èèyàn míì ló jọ wà nínú báàgì ńlá kan. Tí ẹnì kan bá di ẹran gbígbẹ mọ́ tiẹ̀, tí wọ́n wá torí ẹ̀ dá gbogbo báàgì dúró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ra gèlè á máa dúró pẹ̀lú ẹ̀. Ẹran àti wàrà, yálà kílíṣí ni o tàbí wàràǹkàṣì, kò gbọ́dọ̀ wọ Britain láti Nàìjíríà fún jíjẹ ara ẹni. Ẹ̀wà gbígbẹ, ọdún 2015 ni EU ti fòfin de ti Nàìjíríà torí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀, Britain sì wà nínú EU nígbà yẹn. Báàgì àti bàtà tí wọ́n fi awọ ọ̀nì tàbí ti òjòlá ṣe nílò ìwé àṣẹ CITES (àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko ìgbẹ́), láìsí i wọ́n á gbà á ni. Ìpara abóra tó ní hydroquinone náà ò bófin mu láti tà níbí, ọ̀pọ̀ tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé ìdí tí ẹrù àwọn ò fi dé nìyẹn.

Mo ní a máa dé ọ̀dọ̀ àwọn gbájú-ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń retí páálí kan, wọ́n á fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé ẹ san £1.99 kí ẹrù yín lè jáde, líǹkì á wà níbẹ̀, £1.99 kọ́ ni wọ́n ń wá o, nọ́ńbà káàdì yín ni. Ẹ má tẹ líǹkì yẹn. Ẹ fúnra yín lọ sórí wẹ́bsáìtì ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù náà, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì tàbí lórí káàdì tí wọ́n fi sílẹ̀, tí owó bá wà lóòótọ́ á jáde síbẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ fi ṣọwọ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá sì gbà pé wọ́n ṣírò owó jù, tàbí ẹ dá ọjà padà fún ẹni tó tà á, owó bodè àti VAT yẹn ṣeé gbà padà. Èyí tó bá gba ọwọ́ Royal Mail tàbí Parcelforce, fọ́ọ̀mù BOR286 ni wọ́n ń lò fún HMRC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, ti kọ́ríà ní ọ̀nà tiẹ̀. Ẹ tọ́jú páálí àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti sọ tiwọn nù sínú bíìnì kí wọ́n tó rántí. Owó iṣẹ́ agbérù kò sí lára ohun tí HMRC máa dá padà. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ọ̀pọ̀ wa la kì í béèrè torí a rò pé ohun tí ìjọba bá ti gbé mì ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Nàìjíríà, ètò kan wà fún yín, Transfer of Residence, tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ kó ẹrù ilé yín wọlé láìsan nǹkan kan. Ẹrù tẹ́ ẹ ti ní tẹ́ ẹ sì ti lò fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán ló wà fún o. Tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ rà lọ́nláìnì lọ́sẹ̀ tó kọjá ò sí níbẹ̀.

Kí ló wá ń yí padà? Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston àti Maryland, tiyín ló yí jù. Láti 2016, ẹrù tí kò bá ju $800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó bodè, ìdí nìyẹn tí aṣọ ẹbí fi lè kúrò ní Èkó kó dé Houston láìsí bílì kankan. Ọjọ́ kejì oṣù May 2025 ni Trump kọ́kọ́ dá a dúró fún ọjà Ṣáínà àti Hong Kong, nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù August 2025 ó dá a dúró fún gbogbo ayé. Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú púpọ̀, Jámánì, Íńdíà, títí kan Royal Mail níbí, dá ẹrù Amẹ́ríkà dúró fúngbà díẹ̀ torí wọn ò tíì mọ bí wọ́n á ṣe máa gba owó yẹn kí ẹrù tó gbéra. Yàtọ̀ sí àṣẹ Trump, òfin tí Congress fọwọ́ sí ní July 2025 náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù July 2027, $800 yẹn ti tán, nítorí náà ẹni tó bá ń retí pé Ààrẹ míì á dé kó dá a padà, á dúró pẹ́.

Yúróòpù náà ń ṣe tiwọn. Wọ́n ti ń gba VAT lórí gbogbo ẹrù kékeré láti July 2021, èyí tó kù ni owó bodè, tí ọjà tí kò ju €150 lọ kì í san. Ní December 2025 wọ́n fẹnu kò pé láti ọjọ́ kìíní oṣù July 2026 irú àwọn ẹrù bẹ́ẹ̀ á máa san €3 lórí oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú páálí. Ohun tó lé wọn débẹ̀ ò fara sin, ní 2024 nìkan páálí kékeré tó wọ EU jẹ́ bílíọ̀nù 4.6, Ṣáínà ni 91% ti wá.

Ní Britain, ìṣúná tí Rachel Reeves kà gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ètò ìnáwó ní November 2025 sọ pé ààlà £135 yẹn á lọ, ó pẹ́ tán March 2029. Àwọn onílé ìtajà níbí ló ń pariwo pé àwọn ń san owó bodè lórí kọ̀ǹténà àwọn nígbà tí Shein àti Temu ń fi páálí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láìsan owó bodè, mo sì rí òtítọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Àmọ́ mi ò rò pé Temu ló máa jìyà ẹ̀ jù. Temu lè kó ọjà ẹ̀ sí ibi ìkẹ́rùsí níbí, ó lówó lọ́yà, ó lówó akáúńtáǹtì. Ẹni tó ń ta àdìrẹ £60 láti Abẹ́òkúta fún oníbàárà kan ní Manchester ni mo ń rò, torí tí ìwé àti owó iṣẹ́ bá gun orí £60 yẹn, oníbàárà á ní òun á kúkú ra èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà.

Àwọn fẹ́ndọ̀ kan ti ń wá ọ̀nà, wọ́n ń kó ọjà ogún tàbí ọgbọ̀n oníbàárà pọ̀ sójú kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Peckham tàbí Manchester tó máa san owó bodè lẹ́ẹ̀kan, tó máa wá pín in fún kálukú. Ìyẹn dára, ó sì bófin mu, àmọ́ ẹni yẹn ti di oníṣòwò nìyẹn o, ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà EORI, èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá àwọn tó ń kó ọjà wọ̀lú mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á lórí GOV.UK, orúkọ ẹni tó bá sì wà lórí ẹ̀ ni HMRC máa kọ̀wé sí tí wọ́n bá fẹ́ rí rìsíìtì.